Oúnjẹ Funfun Tí A Fi Pọ́n Bàbá Mi Lé

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń jọ ìyẹ̀fun bàbá mi kí ìyá mi tó gbà pé ó mọ́. Mo á kọ́kọ́ fi ajọ̀ olójú ńlá jọ̀ ọ́, mo á tún fi olójú wẹ́wẹ́ jọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà mo á dà á sórí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ìyá mi gé lára ìró rẹ̀ àtijọ́. Bí mo bá fẹ́ ṣe ẹ̀tàn, tí mo dúró sórí ẹ̀ẹ̀mejì, ìyá mi á fi ìka tẹ ìyẹ̀fun náà wò, á ní, "Ṣé adìẹ lo fẹ́ bọ́ ni?" Èèrí tó bá kù nínú ajọ̀ la máa ń dà fún adìẹ lóòótọ́, adìẹ wa sì sanra.

Bàbá mi ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bantè, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni. Dirẹkitọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn ní kámáráàdì, wọ́n kàn so méjèèjì pọ̀ ni, wọ́n ń pè é ní Kámáráàdì Dirẹkitọ̀, àwa ọmọ a sì máa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ní ilé wa, ohun tó bá funfun lohun iyì. Bàbá mi kì í fi ọwọ́ kan ọkà bàbà, kì í jẹ ẹ̀wà. Ó ní oúnjẹ oko ni, òun sì ti kúrò lóko. Iyán ni tirẹ̀, tàbí ìrẹsì, tàbí ọkà àgbàdo tó funfun báláú. Láàárọ̀, búrẹ́dì ni, pẹ̀lú tíì tó ní hóró ṣúgà márùn-ún nínú. Ọkùnrin Nàìjíríà kan tó ń ta epo bẹntiróòlù lójú títì, tó tún ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló ń tọ́jú búrẹ́dì náà pamọ́ dè é. Àwa tó kù ń jẹ ọkà bàbà tí a kò jọ̀, pẹ̀lú ẹ̀wà. Ó ń dùn mí gan-an. Mo rò pé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ ni.

Mo ti lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà, nígbà tí òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bàbá mi. Kì í ṣe òùngbẹ tí oòrùn ń fà. Ó á mu ife omi mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, á nu ẹnu, á tún ní kí wọ́n bu òmíràn wá. Kí agogo ìsinmi tó lù, ó ti jáde lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó wá ń rù. Ó fi ìṣó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì rẹ̀, nígbà tó yá ó tún lu òmíràn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan kan ń ṣe òun, ṣùgbọ́n ṣòkòtò kì í purọ́.

Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í lọ kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Ṣúgà la máa ń gbé lọ, nítorí pé a gbà pé ṣúgà ni agbára. Bí ìròyìn ṣe tàn pé ara Dirẹkitọ̀ kò yá, àwọn òbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, títí kan àwọn tó wá láti Pira. Ẹni kan gbé páálí ṣúgà oníhóró, ẹnìkejì gbé mílíìkì inú agolo, ẹnìkẹta gbé méjèèjì. Wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì títí a kò fi rí rédíò mọ́. Ẹni tó bá gbé e wá kò ní lọ bí kò bá rí i kí aláìsàn tọ́ ọ wò. Èmi ni mo ń po ẹ̀kọ mímu rẹ̀, hóró mẹ́jọ ni mo ń jù sínú rẹ̀. Bó ṣe ń rù sí i la ṣe ń fi ṣúgà kún un. Ẹ má ṣe rò pé a jẹ́ ahun o.

Ọjọ́ kan ló ṣubú níwájú pátákó ìkọ̀wé, tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n fi tapólì bò, ó di ilé ìwòsàn ní Savalou. Dókítà tó wà níbẹ̀ kò gbọ́ èdè wa, Faransé nìkan ló ń sọ, nítorí náà èmi ni mo ń túmọ̀ fún ìyá mi. Wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Dókítà wá bèèrè pé kí ni ọkùnrin yìí ń jẹ. Ìyá mi fa ìborùn rẹ̀ tọ́, ó ka gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń ka oríkì: iyán, ìrẹsì, búrẹ́dì, tíì, ọkà tí a jọ ìyẹ̀fun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tún ní kí n má gbàgbé láti sọ ti ẹ̀kọ oníṣúgà, nítorí pé a kò fi ìtọ́jú dù ú.

Dókítà fi bírò sílẹ̀. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Ó ní àgbàdo, iṣu, ìrẹsì, ọkà bàbà, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ara, àmọ́ ìrìn wọn kò dọ́gba. Èyí tí èèrí rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí a ti bó, tí a ti jọ̀ títí ó fi funfun, eré ló ń sá. Ẹ̀wà ló ń rọra lọ jù. Ó ní òun kò ní sọ pé oúnjẹ nìkan ló fà á, torí pé àìsàn náà a máa wà nínú ìdílé, ṣùgbọ́n bí a ṣe bọ́ ọ fún ọdún gbọọrọ wà lára rẹ̀. Ní ti ṣúgà tí a wá ń fún un látìgbà tó ti dùbúlẹ̀, ó ní igi la ń kó sínú iná.

Hóró mẹ́jọ! Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kà á! Ìyá mi ń fà mí láṣọ pé, "Kí ló wí? Kí ló wí?" N kò lè túmọ̀ rẹ̀. Bàbá mi tó gbọ́ Faransé ju èmi lọ ló yíjú sí ìyá mi láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ó ní oúnjẹ adìẹ yín dára ju tèmi lọ," ló wí.

Bí a ṣe padà sí Bantè nìyẹn, pẹ̀lú oògùn oníhóró àti ìwé pélébé kan tí a kọ oúnjẹ sí. Ìyá mi sunkún fún odindi ọjọ́ kan kó tó lè gbé ọkà tí a kò jọ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. Ojú ń tì í. Bàbá mi jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú, ó ní ó ń ha òun lọ́fun. Ó jẹ ẹ̀wà, ó ń kùn. Ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kò tó oṣù méjì, òùngbẹ náà dẹwọ́, ó lè dúró kọ́ni láti àárọ̀ di ọ̀sán, ohùn rẹ̀ sì padà di ohun tí a ń gbọ́ láti kíláàsì kẹta. Ó ṣì rù o, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. N kò tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé láti Tchetti lórí ọ̀kadà. Obìnrin yìí ló tọ́ bàbá mi lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ẹ̀pà tó gbìn ló fi rán an nílé ìwé. Ọ̀sán ló wọlé, ó bá àbúrò rẹ̀ nídìí abọ́ ọkà pupa àti ẹ̀wà. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó," ló wí fún ìyá mi, "ọkùnrin tó sanra ni mo fi lé ọ lọ́wọ́. Kí lo ń fi hàn mí yìí? Ṣé èèrí lo fi ń bọ́ ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, dókítà ló ní ká..."

"Dókítà wo? Dókítà kan kì í ní kí ẹ fi ebi pa ènìyàn!"

Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín."

"Ìwọ? Ìgbà wo la sọ ọ́ lórúkọ tí o wá ń là mí lóye?"

Mo wo bàbá mi. Ọkùnrin tí ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ń pa àádọ́ta ọmọ lẹ́nu mọ́, ó tẹrí ba bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ń mú un lọ sí Tchetti kí ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, kò sì sọ pé rárá. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ilé pé òun kò lè já ẹni tó pọn òun sẹ́yìn kulẹ̀, pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, àti pé òun mọ ohun tí òun á jẹ. Mo di oògùn náà sínú báàgì rẹ̀, mo fi ìwé pélébé náà lé e lórí. Mo gbà á gbọ́, torí pé òun ni bàbá mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọlọ́kadà kan wá ké sí mi ní ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ti gbé bàbá mi dé Savalou. Wọ́n fi ìró so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó ń wa ọ̀kadà, kò sì dáhùn mọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, dókítà ọjọ́ kìn-ín-ní ló wà lórí rẹ̀. Ó ní kí n bèèrè lọ́wọ́ ìyá tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà pé kí ni aláìsàn jẹ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnìkan bèèrè.

"Sọ fún un pé ó ń jẹun dáadáa," ló wí. "Iyán lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Oògùn yẹn ń da inú rẹ̀ rú, mo bá ní kó sinmi rẹ̀. Nígbà tí òùngbẹ wá ń gbẹ ẹ́, n kò fún un lómi lásán. Omi ṣúgà ni mo ń po fún un. Ó ń mu ún tán, ọmọ mi, ó ń mu ún tán ni."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà, gbogbo rẹ̀, n kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Dókítà wò mí, ó padà sínú yàrá. Bàbá mi kò la ojú mọ́. Ọjọ́ kejì ló kú.

Nígbà ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá pé ebi ni wọ́n fi pa àbúrò òun ní Bantè. Ìyá mi gbọ́ ọ, ó mú un mọ́ra. Èmi ni n kò lè gbà á. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sẹ́nu bí ẹni to òkúta sápò: iyán lẹ́ẹ̀mejì, oògùn tí ẹ dá dúró, omi ṣúgà. Mo pinnu pé bí àwọn àlejò bá ti tú ká, ó máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ lójúkorojú, kó jẹ́ ìyá, kó jẹ́ àgbà.

Òun ló kọ́kọ́ wá bá mi. Mo ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé. Ó lóṣòó tì mí, ó fi ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí bi mí pé, "Ọmọ mi, má purọ́ fún mi. Ká ní mo ti tètè mú un kúrò lọ́dọ̀ yín, ká ní mo ti fi oṣù kan sí i bọ́ ọ, ṣé kò bá yè? Ṣé mo pẹ́ jù ni?"

Ọwọ́ mi wà nínú omi abọ́. Mo wo ojú rẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀.

Mo ní, "Rárá, Ìyá. Ẹ kò pẹ́ rárá. Ohun tí agbára yín gbé lẹ ṣe."

Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì bá mi ṣan abọ́ tó kù.