Ọ̀fun Pijó Ògúntóyìnbó

Láyé ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ láti Ìkìrun lọ sí Òkúkù tí kò mọ Ògúntóyìnbó. Ọmọ Inísà ni. Ó ga, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ gáréèjì. Pijó gígùn kan ló ń wà, onílà ìjókòó mẹ́ta, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gba iṣu, gba ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí ó sì tún gba ewúrẹ́ bí ẹni tó ni ín bá lè pa á lẹ́nu mọ́. Ó pẹ́ tó fi wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kó tó ní in. Ìdí nìyí tí kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àbùkù kankan sí i.

Ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ìjọba wọ́gi lé ìbò, epo bẹntiróò di góòlù. Kùtùkùtù ni Ògúntóyìnbó ti máa ń to ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́nu ilé epo ní Ìkìrun. Oòrùn á là, oòrùn á kan àtàrí, ìlà ò ní sún. Inú á máa bí i sí ìjọba, sí ẹni tó ni ilé epo, sí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà. Ṣùgbọ́n Tímótì ló ń bí i nínú jù.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Tímótì, ibì kan náà ni wọ́n ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Tímótì ti ta Pijó tirẹ̀, ó fi ra Dátsùn tòkunbọ̀ kékeré kan tí kì í mu epo púpọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò ní ìwàásù mìíràn mọ́.

"Baba Ọmọ́dára," ó wí lọ́jọ́ kan lórí ìlà, ó ń bó ẹ̀pà, "o ṣì ń fún erin rẹ lómi?"

"Erin sàn ju ekùté lọ," Ògúntóyìnbó dá a lóhùn. "Bí èèyàn bá sín nínú èyí tí o rà yìí, orí rẹ̀ á gbá òrùlé."

"Ekùté mi kì í mu àmupara. Kí o tó dé Òkúkù, tìrẹ á ti máa wá ilé ọtí mìíràn."

Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Adéjàre, tíṣà kan tó ń kọ́ni ní Òkúkù, gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀ ó sì dá sí i. "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwọn ará Japan kò ní epo nílẹ̀ wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tó mọ epo ṣọ́. Oníkálukú ló ń yan ohun tí yóò rà. Ẹni tó lọ ra alájẹkì kò yẹ kó máa bú ìjọba."

"Yíyàn wo, Tíṣà?" Ohùn Ògúntóyìnbó ti lọ sókè. "Wọn ò ní epo, àwa ńkọ́? Ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ń wà á. Wọ́n á gbé e lọ sókè òkun, wọ́n á fọ̀ ọ́ níbẹ̀, wọ́n á tún gbé e padà wá tà fún wa nígbà tó bá wù wọ́n. Ẹni tó ni oko ẹ̀gẹ́ ló ń tọrọ gàrí, ẹ wá ń sọ fún mi pé ọ̀fun mi ló tóbi. Ẹ̀mí wa ni wọ́n fi ń ṣeré."

"Òótọ́ lẹ sọ," Tíṣà ní. "Kí wọ́n tó tún un ṣe, kí la ó máa wà?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ló wá dá kún ìbínú Ògúntóyìnbó. Nígbà tó délé, Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ náà tún fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé oníṣòwò kan ní Ìkìrun fẹ́ ra Pijó náà. "Ẹ tà á, Baba Ọmọ́dára. Ẹ ra kékeré." Ògúntóyìnbó ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní òun yóò fi hàn wọ́n pé Pijó òun mọ epo ṣọ́ ju Dátsùn lọ.

Ọgbọ́n kan wà lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ọ̀nà yẹn láti fi ṣọ́ epo. Bí wọ́n bá dé orí òkè, wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi ọkọ̀ sí firíì, á sì máa yọ̀ lọ fúnra rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Òkè kéékèèké ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìsọ̀kalẹ̀ kan wà kí èèyàn tó wọ Inísà, tó ga, tó sì ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Àwọn àgbà awakọ̀ kì í dán an wò níbẹ̀ bí ọkọ̀ bá kún.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kún. Láti gáréèjì ni Ògúntóyìnbó ti ń tún ọ̀rọ̀ ìlà epo sọ fún àwọn èrò rẹ̀, pé ẹ̀mí wa ni ìjọba fi ń ṣeré. Bó ṣe dé orí òkè yẹn, ó rí Dátsùn Tímótì níwájú. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ dákẹ́, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń súfèé lójú fèrèsé.

"Ẹ ò rí i?" ó ní. "A ò mu ẹ̀kán epo kan."

Ní kọ́nà, àwọn obìnrin tó ru igi ìdáná ń sọdá. Ó tẹ búréèkì, ó mú díẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó ti gan bí òkúta. Ẹ́ńjìnnì ló ń fún búréèkì Pijó lágbára. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìbínú ni kò jẹ́ kó rántí. Ó yí ọkọ̀ wọ inú oko ẹ̀gẹ́ kan. Iṣu láti ẹ̀yìn fò lu àwọn èrò lórí. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n iwájú orí Ìyá Fáṣadé, tó ti ń wọ Pijó náà láti ìgbà tí Ògúntóyìnbó ti rà á, là.

Màmá náà fi gèlè nu ẹ̀jẹ̀. "Ògúntóyìnbó, kí lo pa iná ọkọ̀ fún?"

"Epo ni, Ìyá."

"O ní ẹ̀mí wa ni ìjọba fi ń ṣeré. Tìrẹ ni mo wọ̀ lónìí. N kò wọ ọkọ̀ ìjọba."

Tímótì padà wá, ó sì gbé màmá náà lọ sílé ìwòsàn. Kò fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ògúntóyìnbó ì bá fẹ́ kó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ta Pijó náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wà á lọ, kò jáde nínú yàrá. Ó ra Dátsùn, ó sì tò ó sórí ìlà ní Ìkìrun. Ibẹ̀ ló wà títí di ọ̀sán, kí wọ́n tó jáde wá sọ pé epo ti tán. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dojú kọ Tíṣà Adéjàre.

"Ọ̀fun ti kéré báyìí, Tíṣà. Omi dà?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ tó ṣófo, ó kọrí sílé.

Ọdún púpọ̀ ló fi wa Dátsùn yẹn lọ sí Òkúkù, bẹ́ẹ̀ ni kò dẹ́kun àtimáa bú ìjọba létí àwọn èrò. Ṣùgbọ́n kò pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè kankan mọ́. Bó bá kù díẹ̀ kó dé ibi oko ẹ̀gẹ́ yẹn, á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, á fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárì mú. Bó bá ti kọjá rẹ̀ tán, á bẹ̀rẹ̀ padà láti ibi tó bú wọn dé.