Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Kan Náà

Nígbà tí mo ṣì kéré, Dagenham ni à ń gbé, bàbá mi sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Ọ̀dọ̀ wa ni ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà. Lọ́yà ni bàbá tirẹ̀ ní Èkó, òun ló ní kí ó wá kàwé nílùú òyìnbó. Ẹgbẹ́ ni wá, orí bẹ́ẹ̀dì kan ni à ń sùn, ìkòkò kan ni ìyá mi fi ń se oúnjẹ fún wa.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti kọ̀wé láyé àtijọ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ọgbọ́n ti ń wá. Wọ́n á to orúkọ ìdílé láti orí bàbá ńlá dórí ọmọ, wọ́n á ní olóye ló ń bí olóye. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ní kò yẹ kí àwọn ìdílé kan máa bímọ rárá. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé wa kà dàgbà. Nígbà tó fẹ́ pín wa sí kíláàsì, iṣẹ́ bàbá wa ló bi wá léèrè. Ó fi ọmọ lọ́yà sáàárín àwọn tí yóò lọ sí girama, ó fi èmi sáàárín àwọn tí yóò kọ́ṣẹ́ ọwọ́.

Bàbá mi gbàyè níbi iṣẹ́, ó wọ kóòtù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fà mí lọ́wọ́ lọ bá a.

Ó ní, “Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí èmi àti bàbá ọmọ yẹn. Bó bá jẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lọgbọ́n wà, ẹ̀jẹ̀ ta ni tèmi?”

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọgbọ́n ẹnì kan lè pọ̀ ju ti èkejì lọ nínú ìdílé, iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe ló ń fi í hàn. Bàbá mi fà mí lọ́wọ́ padà sílé.

Ọjọ́ yẹn ni owú wọ̀ mí lára. Èmi ni ìyá mi ní kí n máa fi áyọ́ọ̀nù lọ yunifọ́ọ̀mù girama ìbátan mi yìí. Bó bá ń ka Faransé sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń kọjú sí ògiri bí ẹni tó ti sùn, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lórí di òní.

Ìbátan mi di dókítà eyín. Èmi ránṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo bímọ tán kí n tó padà sílé ìwé, mo sì di apòògùn. Ìbátan mi ń gbé ní Barking Riverside báyìí, níbi tó ti ń wo odò láti ojú fèrèsé. Mo lọ kí i níjọ́ kan, ó sì sọ fún mi pé, “Ìwọ lórí rẹ pé jù. Èmi kàn jẹ́ ọmọ bàbá mi ni.” Ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò mú owú náà tán.

Ayé ti yí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ta ko ìwádìí àtijọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń bi ọmọ léèrè iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní ìjókòó. Ọmọ-ọmọ tèmi àti ti ìbátan mi jọ wà ní kíláàsì kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èsì ìdánwò wọn jáde. Tèmi sáré wọlé, ó ní, “Màmá àgbà, mo páàsì!”

Kí n tó kí i kú oríire, ẹnu mi ti sáré bi í pé, “Èkejì rẹ ńkọ́? Mélòó lòun gbà?”