Ìyàwó Kirsty Wọ Ilé Ìdáná

Ní ti agbára, Kirsty McLachlan kì í ṣe ẹni à ń fi ṣeré. Oko àgùntàn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ní agbègbè Southland wa níbí. Àgbò tí ọkùnrin méjì ń lé kiri, òun á kàn kì í mọ́lẹ̀ ni, á gbé e sápá bí ọmọ tuntun. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́gbì, ta ni wọn ì bá kọ́kọ́ mú bí kò ṣe òun?

Ṣùgbọ́n alágbára náà lójora tirẹ̀. Nígbà òtútù, òun àti Pania, obìnrin tó ń wa ọkọ̀ agbémílíìkì, ṣègbéyàwó. Gbogbo ìlú ló mọ̀, síbẹ̀ "Ayálégbé rẹ ńkọ́?" ni wọ́n ń bi í. Ayálégbé, lórí ibùsùn kan náà! Kirsty á rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn, á ní, "Ó wà." Ó wá sú Pania, ó ní òun ò bá a débi ìdíje mọ́, àfi tó bá lè pe òun ní ohun tí òun jẹ́.

Bẹ́ẹ̀, bí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wa bá gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ìyàwó wọn ní í ká wàràkàṣì sínú búrẹ́dì, wọn á yan án. Ọkùnrin á wẹ̀, á jókòó, á jẹ. Bí àwọn obìnrin bá gbá a, àwọn fúnra wọn ní í sáré wọ ilé ìdáná pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórúnkún, kí wọ́n yan tiwọn. Ọkọ wọn á fara ti ibi ọtí, á máa ṣàlàyé bí òun ì bá ti gbá a.

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́, Màmá Isobel, opó tó ń ṣolórí ilé ìdáná, bèèrè pé, "Ta ní máa yan búrẹ́dì ní Sátidé?"

Àwọn obìnrin ń wolẹ̀. Kirsty dìde. "Ìyàwó mi á wá, Màmá."

Ọtí há Graeme, ọkọ balógun ẹgbẹ́ obìnrin, lọ́fun.

"Ìyàwó ta?" ló bèèrè.

"Ìyàwó tèmi. Pania."

Màmá wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Kí ni, Màmá?"

"Búrẹ́dì ni! Kí lo rò pé mò ń bi ọ́?"

"Kò mọ̀ ọ́n. Tíì pàápàá, èmi ni mò ń sè é."

"Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn."

Ní Sátidé, bí Kirsty ti ń forí ti àwọn ọ̀tá, imú rẹ̀ ń gbọ́ òórùn èéfín láti fèrèsé ilé ẹgbẹ́, níbi tí Pania ti ń yan búrẹ́dì. Bí wọ́n ti parí, ó sáré lọ gba Pania sílẹ̀. Màmá dí ẹnu ọ̀nà.

"Padà! Ṣé o níyàwó àbí o ò ní?"

"Mo ní, Màmá."

"Ó yá, lọ wẹ̀, kí o jókòó." Ó kọjú síbi ọtí. "Graeme! Ẹ̀yin ọkọ! Ṣé ìyàwó Kirsty nìkan ni kó máa bọ́ àwọn ìyàwó yín?"

"Màmá, n ò ṣe é rí."

"Òun náà ò ṣe é rí. Ṣé o ò rí èéfín ni?"

Wọ́n wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ bí àgùntàn tí ajá ń dà. Pania gbé àwo jáde. Ìdajì búrẹ́dì náà ti dèédú. Kirsty jẹ ẹ́, ó ní ó dùn.

"Irọ́," ni Pania wí.

Graeme yọrí lójú fèrèsé. "Ìyàwó Kirsty! Ẹ̀gbẹ́ wo là ń kọ́kọ́ yí sí iná?"

"Wọ́n ń pè ọ́," ni Kirsty wí.

"Mo gbọ́." Ṣùgbọ́n Pania ò lọ. Ó fa àga, ó jókòó tì í, kí wọ́n lè tún orúkọ náà pè.