Òjò Tí Èmi Nìkan Rí

"Má mí sí i!"

Mo gbẹ́mìí dúró. Imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tẹmómítà náà. Bàbá wà lẹ́yìn mi, ó di èjìká mi méjèèjì mú kí ojú mi má baà ga ju ìlà náà lọ, kó má sì rẹlẹ̀ sí i. Ọkọ̀ òfurufú kan ń balẹ̀ bọ̀ lórí ilé wa, ó sún mọ́ wa débi pé mo rí táyà rẹ̀. Páànù ilé ń gbọ̀n, òórùn epo ọkọ̀ náà sì gba gbogbo àgbàlá. Bàbá ò tiẹ̀ wòkè.

"Kí lo rí?" ó bi mí nígbà tí ariwo rọlẹ̀.

Mo sọ òǹkà tí mo rí.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Bàbá."

"Tún un wò. Ẹni tó dá lójú kì í bẹ̀rù àtúnwò."

Ilé ayálégbé kan ní Àjàó Estate la ń gbé nígbà náà, èmi àti ìyá mi, lẹ́yìn ògiri pápákọ̀ òfurufú. Yàrá Bàbá kọjú sí tiwa. Kì í ṣe òun ló bí mi, a ò sì bára tan. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó kan àpótí pátákó tirẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin láàárín koríko ẹ̀yìn ilé, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó sì to ara rẹ̀ bíi fèrèsé lúfà, kí atẹ́gùn lè wọlé, kí oòrùn má sì wọlé. Inú rẹ̀ ni tẹmómítà tí a fi ń wọn ooru wà. Ìyá mi sá aṣọ sórí àpótí náà lẹ́ẹ̀kan péré. Bàbá ká aṣọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé e wá bá a ní ẹnu ọ̀nà: "Ìyá ọmọ, jọ̀ọ́, má bò mí lójú." Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ló wá fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀ nínú yàrá.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ àti aago mẹ́ta ọ̀sán, lójoojúmọ́. Bí àkókò bá ku díẹ̀, màá gbọ́ bó ṣe ń fi abẹ gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀, lórí ìwé ìròyìn tó tẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, òórùn òrí àti káńfọ̀ á ti dé ẹnu ọ̀nà wa kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. "Akọ̀wé, ó yá o." Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ìlà kan ti ń di méjì mọ́ ọn lójú, ìdí nìyẹn tó fi yàn mí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Èmi ni mò ń wò ó, èmi náà ni mò ń kọ ọ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn ju bó ṣe dùn sí ipò kejì tí mo ṣe ní kíláàsì.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé Bàbá yìí ò gbà pé ayé ń gbóná sí i. Bí rédíò bá sọ ọ́, á pòṣé. "Ta ló kà á? Ibo ni wọ́n gbé àpótí wọn sí? Ṣé orí koríko ni, àbí orí kọnkéré?" Ó ní nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gé igi tó wà nítòsí àpótí, wọ́n da kọnkéré síbẹ̀ kí mọ́tò lè ríbi dúró sí, láti ọjọ́ náà ni òǹkà ti ń gòkè. "Ṣé ayé ló gbóná ni, àbí kọnkéré?" Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí àwọn ará ilé ń fi páálí fẹ́ ara wọn nídìí ẹ̀rọ omi, tí wọ́n ń sọ pé irú ooru yìí ò ṣẹlẹ̀ rí, Bàbá á rẹ́rìn-ín. "Ohun tẹ́ ẹ sọ ní èṣí náà nìyẹn. Ara èèyàn a máa gbàgbé." Á wá gbé ìwé jáde. Bí ìwé bá sọ pé ooru pọ̀ ju ti èṣí lọ, á sọ ọ́. Bí kò bá sì pọ̀ jù ú, á sọ ọ́. Kì í gbè sẹ́yìn ara rẹ̀. Àwọn ará ilé gbà á gbọ́ débi pé tí Bàbá bá ti ṣí ìwé, iyàn ti parí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kú ní Ìsẹ́yìn láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní láti lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ó gbé agolo bísíkíìtì tó ń kó àwọn ìwé náà sí lé mi lọ́wọ́.

"Akọ̀wé, ọwọ́ rẹ ni mo fi ojú mi sí o."

Ìyá mi ní, "Bàbá, ọmọdé ni o. Oúnjẹ nìkan ni kì í gbàgbé."

"Mo mọ ọmọ tí mo gbé e fún," ni Bàbá wí.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, mo ṣe é bó ṣe yẹ. Mi ò mí sí i, mo tún un wò. Lọ́jọ́ karùn-ún, àwọn ọmọbìnrin ojúlé kejì pè mí sí tẹ́ǹ-tẹ́ǹ. Ilé ìwé ti gba ìsinmi. A pàtẹ́wọ́, a ju ẹsẹ̀, eruku sọ, mo na gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mo fi máa rántí, aago mẹ́sàn-án ti kọjá, ọ̀sán ti pọ́n. Mo ṣí agolo láti wò ó bóyá mo lè fojú dá a, mo sì rí ìwé ọdún tó kọjá lábẹ́ ti ọdún yìí. Oṣù kan náà, ọjọ́ kan náà, ìkọ̀wé èmi náà ló wà nínú rẹ̀. Mo dà á kọ.

Lọ́jọ́ kejì mo tún dà á kọ. Lẹ́yìn náà, mi ò tiẹ̀ lọ sídìí àpótí mọ́. Nígbà tó di ọ̀sán Sunday, mo dojú dé orí ibùsùn, mo sì kọ gbogbo èyí tó kù pa pọ̀, títí kan àwọn ọjọ́ tí ilẹ̀ wọn ò tíì mọ́. Mo pa agolo dé, mo padà sídìí tẹ́ǹ-tẹ́ǹ. Mo fẹ́ kí n lè sọ pé àyà mi ń lù mí. Kò lù mí rárá.

Obìnrin kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Ìyá Ìkókó ni gbogbo wa ń pè é. Yàrá rẹ̀ ò ní àjà, páànù lásán ló wà lórí wọn, ìsọ̀ tí onílé kọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé sì ti dí fèrèsé kan ṣoṣo tó ní. Ọjọ́ kejì tí Bàbá ti Ìsẹ́yìn dé, onílé wa, Alàájì kan tó máa ń fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ na àwọn ọmọdé lórí fẹ́rẹ́ fún eré, wá wo ilé. Ìyá Ìkókó gbé ọmọ jáde, ó kúnlẹ̀.

"Alàájì, ẹ dákun, ẹ lu fèrèsé sí ògiri kejì fún mi. Ọmọ yìí ò sùn. Ooru ọdún yìí ti pọ̀ jù."

"Háà, Ìyá Ìkókó! Ọdọọdún lẹ ń sunkún ooru nínú ilé yìí. Tí mo bá ń lu fèrèsé fún gbogbo ẹni tó ń làágùn, ṣé ògiri á kù?" Ó yíjú sí Bàbá. "Bàbá, ẹ ẹ̀ wo ìwé yín? Tí ti ọdún yìí bá ju ti èṣí lọ, bíríkìlà á dé lọ́la. Tí kò bá jù ú, kí ìyàwó yáa máa tọrọ òjò."

Bàbá gbé agolo jáde. Ó ṣí ìwé méjèèjì sórí itan rẹ̀, ó pa ojú dé, ó là á, ó sì pè mí. "Akọ̀wé, kà á fún wọn."

Gbogbo ilé pé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, mo ka ti èṣí, mo ka ti ọdún yìí, ọjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, mo ń fi ìka tọ̀ ọ́ bó ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo ka ọjọ́ bíi mẹ́fà, Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó. Bákan náà ni. Ìyàwó, ara ló ń tàn ọ́. Ìkókó kì í jẹ́ kéèyàn sùn, ìyẹn ló jẹ́ kí ooru jọ pé ó pọ̀."

"Ìwé ti sọ̀rọ̀ o!" ni ẹnì kan pariwo, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá Ìkókó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Ọmọ mi ò mọ̀wé kà, Bàbá," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, ó sì wọlé.

Ẹnu mi wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gbà mí. Mi ò sọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ara ọmọ náà sú wẹẹrẹ láti ọrùn dé ìdí, nígbà tó sì di ọ̀sán, ara rẹ̀ gbóná, kò sunkún mọ́. Ìyá rẹ̀ sá jáde láìwọ bàtà, ó ń pè é, ó ń mì ín. Àwọn ọkùnrin ilé dá mọ́tò dúró fún un. Ọsibítù dá wọn dúró fún ọjọ́ méjì. Nọ́ọ̀sì ní ooru ló fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ọmọ náà yè, mo dúpẹ́, ó yè. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a ò tíì mọ̀ pé ó máa yè ni Bàbá pè mí sínú yàrá rẹ̀.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pẹ̀lú dígí tó máa ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ìwé ọdún yìí ṣí níwájú rẹ̀.

"Akọ̀wé, ọ̀sán ọjọ́ yìí, òǹkà já wálẹ̀ gan-an. Kí ló fà á?"

Mo wò ó. Ní èṣí, òjò rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

"Òjò rọ̀ ni, Bàbá."

"Ó pọ̀?"

"Ó rọ̀ díẹ̀."

Bàbá gbé dígí sílẹ̀. "Látìgbà tí mo ti dé ni gbogbo Àjàó ti ń sọ fún mi pé ẹ̀kán kan ò kán sílẹ̀ látọjọ́ tí mo ti lọ. Ìwọ nìkan ni ó wá rọ̀ fún?"

Mo bú sẹ́kún. Mò ń retí kó nà mí. Ì bá nà mí. Ó gbé ìwé èṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọdún yìí, ó mú pẹ́ńsù, ó sì fa ìlà sórí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tí wọ́n bára mu, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn: A kò wò ó. Ó pẹ́ kó tó parí.

"Tí o ò bá rí i, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo," ó wí. "Òfìfo ò tíì pa ọmọ ẹnikẹ́ni."

Lọ́jọ́ tí Ìyá Ìkókó ti ọsibítù dé, Bàbá ránṣẹ́ pe Alàájì. Ó dìde níwájú gbogbo ilé, ó ṣí fìlà lórí. "Ìwé mi ṣìnà. Èmi tí mo máa ń bi gbogbo ayé léèrè ibi tí wọ́n gbé àpótí wọn sí, orí koríko ni mo gbé tèmi sí, mo sì fi dájọ́ ẹni tó ń sùn lábẹ́ páànù. Ìyàwó, dárí jì mí. Alàájì, ẹ lu fèrèsé náà."

"Bàbá, ta ló kọ ọ́ sódì?" ni Alàájì bi í.

"Èmi ni mo ni ìwé."

Mo wà lẹ́yìn ìyá mi, mo di etí aṣọ rẹ̀ mú. Bàbá ò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ kí àgbàlagbà ṣí fìlà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Bíríkìlà dé, ó fi òòlù lu ògiri láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti di ẹni yẹ̀yẹ́. Bó bá ti ń lọ sídìí àpótí, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ ní kí ìwé yín purọ́ díẹ̀ fún wa o, kí ara lè tù wá!" Kò ka òǹkà sí ẹnikẹ́ni létí mọ́. Ṣùgbọ́n ní aago mẹ́sàn-án, ó ṣì ń pè mí, "Akọ̀wé, ó yá o," mo ṣì ń wò ó, mo ṣì ń kọ ọ́. Ìgbà tí mo bá ti wọlé ni mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé wa, tó padà lọ sídìí àpótí, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, tó ń fi dígí tún un wò.

A kó lọ sí Okota nígbà tí mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Kí n tó jáde ilé ìwé la gbọ́ pé ó ti kú. Mi ò bẹ̀ ẹ́ rí.

Mo ń ta aṣọ ọmọdé báyìí, mo ní ọmọ kan lẹ́yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, ooru mú, àwa oníṣọ́ọ̀bù jókòó síta, ẹnì kan ní rédíò sọ pé ayé ń gbóná sí i. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe níwájú mi pòṣé.

"Irọ́ ni jàre! Òǹkà àtijọ́ tí wọ́n fi ń wé tòní, ta ló kọ ọ́? Ẹni tí wọ́n ní kó wò ó lè ti sùn lọ. Á kàn kọ ohun tó wù ú!"

Ìbéèrè gidi ni. Bàbá náà bi í. Àmọ́ bí Bàbá bá bi í tán, á dìde lọ wò ó. Ọkùnrin yìí bi í kó má baà dìde ni. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìwé àwọn ẹlòmíràn. Ẹyọ kan tó jẹ́ irọ́ ni mo mọ̀, mo mọ ẹni tó purọ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ni ìwé náà ló tú u fó fúnra rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo la ẹnu, mo sọ ọ́. Mo fẹ́ gbé orúkọ Bàbá ró.

Mi ò tíì dé ibi tí Bàbá ti fa ìlà. Ọkùnrin náà ti lu itan rẹ̀. "Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ látẹnu ẹni tó ṣe é! Ṣé mi ò wí?"

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò tíì parí. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló—"

"Àǹtí, ó ti tó bẹ́ẹ̀! Ẹ ti bá mi parí ẹ̀!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo tún ọmọ mi pọ̀n, mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Mi ò bínú sí i. Mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn rí, ní Àjàó, lẹ́yìn àgbàlagbà kan tó ń dá lọ sínú koríko, mo sì mọ ẹni tó fi sí wọn lẹ́nu.