Ọjọ́ Tí Mo Gúnlẹ̀ sí Dublin

Ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Wales dé Dublin kò ní kúrò lọ́kàn mi. Mo ti gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn rìn káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mò ń kí àwọn ọ̀rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé níbẹ̀ pàdé mi ní èbúté.

"Ràfíù, Màmá ti kú. A ti sin wọ́n sílé, ní Ìrókò. Nígbà tí àìsàn dé, àwọn fúnra wọn ní ká má sọ fún ọ, kí o lè rí ayé."

N kò sunkún. Mo jẹ ìrẹsì tí ìyàwó rẹ̀ sè, mo sùn.

Nígbà tí mo padà dé Ìrókò, Bàbá mú mi lọ sídìí sàréè Màmá. Wọ́n ní, "Ṣé ìrìn náà dùn?"

Mo ní, "Ó dùn, Bàbá."