Ìwé Nevena Lára Ilẹ̀kùn Tuntun

Èmi Stoyanka kì í tojú bọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ògiri ilé wa ló tín-ínrín. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ìgbà tí Ralitsa, ọmọ ilé kejì sí mi, ń jí. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí n ó ti gbọ́ ìró omi, tí ilẹ̀kùn á sì pa dé jẹ́jẹ́ kí bàbá rẹ̀ má baà jí. Bàbá náà, Ognyan, ti jí tipẹ́. Ó kàn ń díbọ́n kí ọkàn ọmọ lè balẹ̀ ni.

Ilé iṣẹ́ apoògùn tí Ralitsa ti ń yẹ oògùn wò wà ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn Sófíà, olú ìlú wa. Á wọ bọ́ọ̀sì, á wọ ọkọ̀ ojú irin, á tún fẹsẹ̀ rin ẹrọ̀fọ̀. Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kì í délé kó rí ìsinmi kankan; bàtà á ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí oorun á ti gbé e lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti kó lọ sítòsí ibẹ̀. Wọ́n bá òun náà rí yàrá nínú ilé tuntun kan, onílé sì ń retí èsì.

Nevena, ìyá rẹ̀ tó kú, ni kò jẹ́ kó lè lọ. Ìwé ìrántí rẹ̀, tòun tàwòrán, wà lára ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, níbi tí a máa ń lẹ ti gbogbo òkú ilé wa mọ́. Ẹni tó bá ń wọlé á kà á, á sì kí i.

"Màmá Stoyanka, tí mo bá lọ, ta ni Bàbá á máa bá jẹun?"

"Ṣé ọmọ ọwọ́ ni bàbá ẹ ni? Kí wọ́n tó bí ẹ, ṣé kì í jẹun ni?"

"Màmi wà nígbà yẹn."



Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí yìnyín ń bọ́, mo bá Ognyan ní ibùdókọ̀, etí rẹ̀ pọ́n bíi tòmátì.

"Ognyan, ṣé o fẹ́ bá ìyàwó ẹ lọ ni?"

"Mò ń gba atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn wo? Ṣé kò sí fèrèsé nílé ẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì já ẹ̀rín náà gbà lẹ́nu rẹ̀. "Ìgbà tí Nevena jáde lọ ra búrẹ́dì, ńṣe ni mo jókòó sílé, tí mò ń dúró dè é. Kò padà wọlé láàyè mọ́. Títí dòní ni mò ń dúró. Mi ò lè jókòó de ẹnikẹ́ni mọ́, Stoyanka."

Ojoojúmọ́ ló ń dúró de Ralitsa níbẹ̀! Tó bá ti rí bọ́ọ̀sì ọmọ rẹ̀ lókèèrè, á yáa sáré wọlé kí ọmọ má baà mọ̀. Inú bí mi, mo lọ sọ fún Ralitsa. "O ní torí ẹ̀ lo ṣe dúró. Òun náà ń dúró torí tìẹ, nínú òtútù. Ta lẹ wá ń ràn lọ́wọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ọmọ náà wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn ló kó lọ. Bàbá rẹ̀ ló gbé àpótí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Ilẹ̀kùn gíláàsì ni ilé tuntun náà ní, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Ẹnìkan ò kí ẹnìkan níbẹ̀. Ralitsa ń sùn dáadáa báyìí, ṣùgbọ́n bó bá pe bàbá rẹ̀ nírọ̀lẹ́, "Mo ti dé yàrá" ló máa ń wí, kì í ní òun ti délé. Ognyan ò sì jókòó. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nídìí fèrèsé, síwá sẹ́yìn.

Nígbà tó pé ọdún kan tí Nevena kú, mo se àlìkámà tí a fi ń ṣèrántí òkú, mo fi ṣúgà sí i, èmi àti Ognyan sì gbé e lọ bá ọmọ. Ralitsa sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé wa. Kí n tó wí nǹkan kan, ọkùnrin yìí ti fa ìwé Nevena yọ nínú ẹ̀wù, ó ń fi gọ́ọ̀mù pa á lẹ́yìn.

"Bàbá, wọn ò gbà á níbí. Màmi ò gbé ibí rí."

"Ìwọ ńkọ́, o ò gbé ibí ni? Ìyá ta ni?" Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì.

Obìnrin kan tó gbé àpò ẹ̀fọ́ dúró lẹ́yìn wa. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀. Ó ka ìwé náà, ó wo àwòrán, ó wo Ralitsa.

"Ẹ jọra. Ìyá yín ni?"

Ralitsa la ẹnu láti dáhùn, ẹkún ló jáde. Ọmọ tí kò sunkún níbi ìsìnkú! Èmi náà ò lè mú un mọ́ra. Mo bu àlìkámà fún obìnrin náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

"Kí Ọlọ́run dárí jì í," ló wí, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń wí i fún òkú níbi gbogbo. "Zdravka lorúkọ mi. Ìsàlẹ̀ yín gan-an ni mò ń gbé. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín."

Ralitsa nu ojú. Ó di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Ẹ jẹ́ ká wọlé, Bàbá. Ilé mi nìyí."

A gòkè. Àga kan péré ló wà nínú yàrá náà. Ognyan wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì jókòó.