Bàbá Tí Kò Tíì Kà Á Tán

Ǹjẹ́ ènìyàn lè sọ pé òun gba ohun tí òun kò tíì kà tán? Ìbéèrè tí Akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń gbé kiri nìyẹn, bí ẹni gbé ọmọ tí kò sùn tí kò sì sunkún. Ó ti bi ara rẹ̀ nídìí tábìlì, ó ti bi ara rẹ̀ lórí eékún, kò rí ìdáhùn. Ẹni tó gbé ìbéèrè náà lé e lọ́wọ́ ti lọ sinmi, kò sì fi ìdáhùn sílẹ̀ sínú fáìlì kankan.

Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta sọ́fúwíà wá sí ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọ kóòtù, bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ó ní gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé ńlá ìjọ, àwọn tí a ṣèrìbọmi fún, àwọn tí a so pọ̀, àwọn tí a sin, láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ ni yóò wọ inú sọ́fúwíà òun tí yóò sì máa tàn yinrin. Àwọn àgbà ìjọ yí kọ̀ǹpútà tuntun náà ká. Akọ̀wé jókòó sí kọ̀rọ̀, ó gbé ìwé ńlá náà lé ẹsẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo ló kù," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí. "Ẹ kàn tẹ ibi tó kọ 'Mo gbà' yìí."

Alága wọn na ìka.

"Ẹ dúró ná," ni ohùn kan wí láti abẹ́ tábìlì. "Ẹ jẹ́ á kà á."

Bàbá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni. Wáyà iná ni wọ́n ní kó wá bá wọn wò, ara rẹ̀ ló ń rọra fà jáde yìí, eruku kún irùngbọ̀n rẹ̀.

"Kà á kẹ̀?" ni Alága wí. "Bàbá, ta ló ń ka irú èyí?"

"Ohun tó jẹ́ kó wù mí kà nìyẹn."

Ó fa àga, ó wọ gíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Ojú ìwé mọ́kànlélógójì ni. Ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀, ó ń béèrè bóyá ó yé wọn. Nígbà tó dé ojú ìwé kejìlá, akápò ti sùn lọ. Ní ogún, Alága béèrè omi. Ní ọgbọ̀n, olórí akọrin ti ń hanrun, ó sì ń hanrun lórí ohùn kejì.

Lójijì ni bàbá gbá tábìlì. "Ẹ jí! Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbí. Ó ní ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ yìí bá ti ilẹ̀kùn, wọ́n lè tì í mọ́ gbogbo ohun tó bá wà nínú ilé. Àwọn òkú wa ni wọ́n ń wí yẹn o!"

Gbogbo ojú yí padà sí ọ̀dọ́kùnrin náà. Ó tẹ̀ síwájú, ó ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, òógùn bò ó nínú kóòtù. "Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí. "Èmi náà ò kà á rí."

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Bàbá Ẹ-Jẹ́-Á-Kà-Á ti mọ́ ọn lára. Ká má parọ́, àwọn àgbà tẹ 'Mo gbà' náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá jókòó sórí àga líle fún wákàtí méjì, kò sí ohun tí kò ní gbà.

Yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹni tó ń tún bàtà ṣe ni bàbá ti ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ méje ló wà níbẹ̀, wọ́n tò sára ògiri, fáànù inú wọn ń rọra kùn bí ọmọ méje tó sùn lórí ẹní kan. Tó bá di ọ̀sán, oòrùn á gba àárín pákó fèrèsé wọlé, eruku á máa jó nínú ìmọ́lẹ̀ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí Akọ̀wé bá gbé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lọ síbẹ̀, á ní kóun jókòó díẹ̀. Díẹ̀ náà á di ìrọ̀lẹ́, kò sì ní mọ ibi tí ọjọ́ gbà lọ, bí ẹni tó lálàá tó jí, tó ṣì ń gbọ́ orin tí wọ́n ń kọ lójú àlá.

Bàbá gbà pé kò sí kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò kan tó ń darí rẹ̀ láti inú wá. Kì í pe àwọn ètò náà ní orúkọ tí àwọn tó ṣe wọ́n sọ wọ́n. Orúkọ tirẹ̀ ló fún wọn.

"Èyí tí gbogbo ayé ń lò yìí, Onílé ni," ló máa ń wí. "Ilé àyálégbé lo wà. O lè kun ògiri, o lè so aṣọ fèrèsé, ṣùgbọ́n ọwọ́ onílé ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà. Ibi tó o ti ń wẹ̀ lọ́wọ́ ló máa wọlé, á ní òun fẹ́ tún ilẹ̀kùn ṣe, kó o jáde ná. Wàá sì dúró síta pẹ̀lú ọṣẹ lójú."

"Èyí tó rẹwà yẹn ńkọ́, Bàbá?"

"Ààfin nìyẹn. Ó mọ́ tónítóní, n ò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Bí gílóòbù kan bá jó níbẹ̀, àfi kó o ru gbogbo ààfin lọ bá ẹni tó kọ́ ọ."

Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ á wá rọlẹ̀, á fọwọ́ kan èyí tó kángun sí fèrèsé nínú àwọn méje náà. "Èyí ni Ilẹ̀ Ẹbí. Ẹni tó ní bíríkì gbé bíríkì wá, ẹni tí kò ní pọn omi wá. Gbogbo wa la lè wo ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè lé ọ jáde."

"Ṣé wọn kì í jà níbẹ̀ ni?"

"Ìjà kẹ̀? Akọ̀wé, o ti rí ilẹ̀ ẹbí tí kò níjà rí? Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà lórí àwọ̀ ilẹ̀kùn láti ogún ọdún sẹ́yìn!"

Ìfẹ́ ilẹ̀ ẹbí yìí ló kó bàbá sí wàhálà aránṣọ kan. Obìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá pé kò yá mọ́. Kọ̀ǹpútà yá padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ni aránṣọ já wọlé, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, Akọ̀wé jókòó, ó ń wò.

"Bàbá! Bọ́tìnì mi dà?"

"Bọ́tìnì èwo?"

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì! Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá a bí ẹni wá abẹ́rẹ́ tó jábọ́!"

"Fọkàn balẹ̀. Mo ti lé onílé lọ. Orí ilẹ̀ ẹbí lo wà báyìí."

"Ta ló bẹ̀ yín?"

"Tẹ́tí ná. Ìǹṣì tó wà lára téèpù rẹ yẹn, ta ló ni ín?"

"Ta ni ì bá ni ín? Ìǹṣì ni ìǹṣì."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Bí aránṣọ kan bá wá dá ìǹṣì tirẹ̀ sílẹ̀, tó ní téèpù òun nìkan ló lè wọn aṣọ tí òun bá rán, ńkọ́?"

"Orí rẹ̀ dàrú nìyẹn."

"O ti dáhùn! Bí fáìlì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kí téèpù gbogbo ayé lè wọ̀n ọ́n."

Aránṣọ na ìka sí i. "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka gbogbo nǹkan, ṣé ẹ ka ojú mi kẹ́ ẹ tó lé onílé mi? Níbo ni mo ti tẹ 'Mo gbà'?"

Bàbá fa kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀. Ó dá bọ́tìnì padà síbi tó wà, ó bẹ aránṣọ, ó sì mú bébà kan, ó kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà gàdàgbà sí i, ó kàn án mọ́ ògiri níwájú ara rẹ̀: BI WỌ́N LÉÈRÈ NÁ. Aránṣọ ló bá a wá ìṣó.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ẹ̀yìn lẹ́bàá fèrèsé ni ti bàbá. Ó ń kọrin, ó ń kúnlẹ̀, ó ń tẹrí ba. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìjọ bá ṣe Àmín, ètè rẹ̀ á pa dé pẹ́npẹ́. Àwọn kan ní kò gbàgbọ́. Nígbà tó yá, Pásítọ̀ pè é sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé ń tẹ̀wé lọ́wọ́ níbẹ̀, ó sì dín ariwo ìka rẹ̀ kù.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ kì í ṣe Àmín."

"N ò tíì kà á tán ni, Pásítọ̀."

"Kí lẹ ò tíì kà tán?"

"Ìwé Mímọ́. Ẹ ní ká gba gbogbo rẹ̀. Mo ń kà á bọ̀."

"Ibo lẹ dé?"

"Léfítíkù."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún kẹfà rèé. Ibi tí kò bá yé mi, mo máa ń padà sẹ́yìn."

Pásítọ̀ fọwọ́ nu ojú. "Bàbá, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá kà á tán lẹ tó lè ṣe Àmín. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ ń gbẹ́kẹ̀ lé."

"Mo gbẹ́kẹ̀ lé E. Ìdí tí mo fi ń kà á nìyẹn. Lẹ́tà ẹni tí n ò fẹ́ràn ni n kì í kà tán."

Pásítọ̀ mi orí. "Ẹ máa kà á lọ, Bàbá," ló wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n tí Léfítíkù yìí... ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré díẹ̀ níbẹ̀."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde sójú pópó. Kó tó délé, ẹ̀rín náà ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ni wọ́n sin ọkọ rẹ̀, ẹni tí kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lórí àìsàn. Ẹ̀ẹ̀méje ló ṣe Àmín lọ́jọ́ náà, kò sì mọ ohun tó gbà. Ó fẹ́ràn Ọlọ́run, òun ló ń gbá ìdí pẹpẹ ní gbogbo Sátidé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí ẹni tẹ bọ́tìnì kí ojú ìwé lè kọjá ni Àmín rẹ̀ rí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àfi pé nígbà tó ń tẹ orúkọ ọkọ rẹ̀ sínú sọ́fúwíà tuntun, lábẹ́ àwọn tí a sin, ó rí àlàfo kékeré tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àkíyèsí. Ó wẹ̀yìn wò. Ó tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin síbẹ̀: Olúwa, kí ló dé?

Àṣà kan tún wà tí bàbá ní. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló máa ń yà ní ọ́fíìsì, á ní òun wá mu omi. Tó bá mu ún tán, á bọ́ fíláàṣì kékeré tí wọ́n fi ń kó fáìlì, èyí tó fi okùn bàtà so mọ́ ọrùn. "Akọ̀wé, bá mi kó àwọn orúkọ yẹn jáde sínú èyí. Má ṣe wọ aṣọ fún wọn o. Ọ̀rọ̀ lásán ni kó jẹ́." Akọ̀wé á ṣe é kí bàbá lè jẹ́ kóun ráyè.

Ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n ra sọ́fúwíà náà, ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, ó tan kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ funfun báláú. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé. Ilẹ̀kùn ti tì. Ìwé ńlá àtijọ́ ńkọ́? Ikán ti kà á tán ní yàrá ẹ̀yìn, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọgbọ̀n ọdún orúkọ, àti orúkọ kan ṣoṣo náà pẹ̀lú. Akọ̀wé kò rántí fíláàṣì bàbá rárá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ìgbà tí wọ́n tún ọkọ rẹ̀ sin.

Bàbá wọlé, àwọn àgbà tẹ̀ lé e. Ó ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, ó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan. Àwọn orúkọ tú jáde, wọ́n ń ṣàn bọ̀ lójú kọ̀ǹpútà bí òjò tó rọra ń rọ̀ lórí páànù ọ̀nà jíjìn.

"Kò mà lẹ́wà," ni Alága wí.

"Kò wọ kóòtù ni," ni bàbá dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí wọn ò tíì bí á lè kà á."

Àwọn orúkọ ń gòkè. Akọ̀wé rántí lójijì ohun tó kọ sábẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀. Wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a sin. Orúkọ ọkọ rẹ̀ yọ, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí Alága tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó dáadáa, bàbá ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibẹ̀. "Eruku," ló wí. Ó ń nu ún, ó ń nu ún, títí ìlà náà fi kọjá. Ọkùnrin tó ti ń pariwo láti ọdún pípẹ́ pé kò yẹ kí ilẹ̀kùn kankan tì, òun ló rọra bá Akọ̀wé ti èyí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá, aránṣọ ló sunkún jù. Ọ̀dọ́kùnrin tó ta sọ́fúwíà wá, kò wọ kóòtù. Pásítọ̀ gbàdúrà, gbogbo ìjọ ṣe Àmín, ṣùgbọ́n ètè Akọ̀wé pa dé pẹ́npẹ́. Pásítọ̀ rí i, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ kan ló wà nídìí rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ikú rẹ̀ ni bàbá bẹ ẹ̀bẹ̀ náà. Ọ̀sán ni, oòrùn ti gba àárín pákó fèrèsé wọlé. Mẹ́fà nínú àwọn kọ̀ǹpútà ti dákẹ́, èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé nìkan ló ń kùn. Bàbá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ sáàárín wọn, Ìwé Mímọ́ wà láyà rẹ̀, okùn bàtà yọ láàárín ojú ìwé.

"Ibo lẹ dé, Bàbá?"

"Jóòbù. Mo ti padà sẹ́yìn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Ìbéèrè tó o kọ sábẹ́ orúkọ ọkọ rẹ yẹn, mo rí i."

Akọ̀wé gbé ojú sílẹ̀.

"Má tijú. Ẹlòmíì ti bi Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ, nínú ìwé yìí. Wọn ò sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

Eruku ń jó nínú ìmọ́lẹ̀. Bàbá bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nà án sí i pẹ̀lú ìwé náà.

"Ojú mi ò gbé e mọ́, Akọ̀wé. Ṣe mí lóore kan. Bá mi ka ìyókù. Má sáré. Ibi tí kò bá yé ọ, padà sẹ́yìn. Tó o bá wá kà á tán, tó o sì rí i pé ohun tí ènìyàn lè gbà ni, jọ̀ọ́, bá mi ṣe Àmín tèmi mọ́ tìrẹ."